Àkísà Tuntun

Ní Kẹ́ńyà, ní ilẹ̀ àwọn Másáì,
adágún kan wà tí kì í ṣe omi mímu.
Kán-ún ni. Kán-ún funfun, kán-ún pupa,
kán-ún tó dì bí èépá ojú egbò.
Màlúù tó bá ṣìnà mu ún, ikùn rẹ̀ a wú.
Etí ibìkan níbẹ̀ gbóná débi pé ẹyin a jinná
kí darandaran tó so okùn bàtà rẹ̀ tán.
Àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn nìkan ló fẹ́ràn rẹ̀,
àwọn tó dà bí lékeléke tó fi osùn para.

Parsaloi ló mú àwọn òyìnbó náà débẹ̀
lọ́dún tí ọ̀dá pa màlúù mọ́kànlá fún un.
Ó ru kúlà wọn. Ó ní kí wọ́n má tẹ ibi tó ń dán,
nítorí ibi tó ń dán ni ilẹ̀ ti ń purọ́.
Obìnrin kan nínú wọn, onírun funfun, dojú bolẹ̀,
ó fi ṣíbí ha ẹrẹ̀ sínú ìgò tí kò tó ìka,
ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó he owó.
“Kí lẹ ń wá?”
“Ohun tó ń gbé ibẹ̀.”
Parsaloi wo adágún. Ó wo obìnrin náà.
Ó gba owó ọjọ́ mẹ́ta, ó gba fìlà kan,
ó sì lọ ra abo ewúrẹ́.

Ohun tí ojú kò tó ni wọ́n gbé lọ,
kòkòrò tí ọ̀kẹ́ rẹ̀ lè jókòó sí ihò abẹ́rẹ́
kí wọ́n sì tún fi àyè sílẹ̀ fún àlejò.
Ooru tó ń bó wa lára ni aṣọ ìbora rẹ̀.
Ó ní ẹ́ńsáìmù kan,
eyín tí kò sí lẹ́nu,
tó fi ń gé fọ́nrán koríko tó bá já sódò
sí wẹ́wẹ́, títí yóò fi di ṣúgà.
Eyín tí kán-ún kò lè mú kan!
Ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́,
wọ́n kọ́ kòkòrò mìíràn, onísùúrù, níṣẹ́ eyín náà,
wọ́n ń sìn ín nínú àgbá irin tó ga ju igi lọ.

Naisiae ọmọ Parsaloi ń fọ jíǹsì ní Athi River,
ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lójúmọ́, tuntun, aró ṣì ń kùn lára wọn.
Òkúta ni wọ́n fi ń gbo ó tẹ́lẹ̀.
Òkúta ń ya ẹ̀rọ, eruku rẹ̀ ń wọ àyà ènìyàn.
Ní báyìí, ife ìyẹ̀fun kan láti inú ike òkèèrè,
omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta,
aró a ṣí kúrò ní orúnkún
bí ẹni pé ẹnìkan ti fi kúnlẹ̀ fún ogún ọdún.
Ṣé eyín adágún bàbá rẹ̀ ni?
Ike kò sọ. Nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀,
àti ìkìlọ̀ pé kí a má fà á símú.

Ó mú ọ̀kan wálé, èyí tí abẹ́rẹ́ ṣì rán.
Parsaloi yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.
“Ta ló kú?”
“Tuntun ni, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rà á.”
Nílé tiwa, a ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà,
kò lè ní àkísà bí àgbà.
Ẹ wá wo ọmọdé tó ń fowó gidi ra àkísà,
ẹ wá wo ohun tó bá a gbó o.

Bàbá gbé orúnkún ṣòkòtò náà símú.
Kò gbọ́ òórùn adágún.
Ó wọ̀ ọ́; ó bá a mu, àfi ẹsẹ̀ tó kúrú díẹ̀.
Lówùúrọ̀, òun ló wọ̀ tó fi da àwọn ọmọ-ọmọ
ewúrẹ́ ọjọ́sí lọ sétí omi.